Ọ̀rọ̀ Buhari àti Lam Adésínà lórí Ṣakí: Ọdún ń gorí ọdún, àwa oníròyìn ò jẹ́ kó sùn

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2000, àwọn àlejò ńlá kan wọ ọ́fíìsì gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ n'Ìbàdàn. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, ẹni tó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí láyé ìjọba ológun, ló ṣíwájú wọn. Ọ̀gágun Buba Marwa tó ti ṣe gómìnà ológun l'Ékòó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbààgbà mìíràn láti òkè Ọya. Alhaji Lam Adésínà, tíṣà tó di gómìnà lọ́dún 1999, ni wọ́n wá bá. Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìbàdàn rárá. Ọ̀rọ̀ Ṣakí ni, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní darandaran tí wọ́n ti fìjà pẹẹ́ta lọ́dún náà ní Òkè-Ògùn, tí ẹ̀mí sì ti ṣòfò.

Ẹ bi ẹni tó bá wù yín lónìí pé kí ni Buhari sọ lọ́jọ́ náà. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Kí ló dé tí àwọn ènìyàn yín ń pa àwọn ènìyàn mi?" Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà mọ gbólóhùn yìí lórí.

Ṣùgbọ́n ìròyìn kan wà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn ìwé ìròyìn ti tẹ̀ jáde léraléra láti ìgbà náà wá. Nínú èyí tó gùn yìí, Buhari ń ṣàròyé nípa ìjà láàárín ẹ̀yà méjì. Ó ní wọ́n ń da àwọn Fúlàní tó ń da ẹran láàmú, wọ́n sì ń pa wọ́n ní Ṣakí. Ó mẹ́nu ba òkú 68 tí ó ní wọ́n sin lóṣù karùn-ún ọdún náà. Ó tún fẹ̀sùn kàn pé wọ́n mú àwọn kan, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ láìgbé wọn dé kóòtù. Gómìnà kò dá nìkan fèsì. Ó pe àwọn olórí agbófinró ìpínlẹ̀ náà kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, àlàyé tiwọn kò sì bá ti àlejò mu. Nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kúkúrú tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ṣì ń búra pé ọkùnrin náà sọ ọ́. Àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ní irọ́ ni, pé kò sọ ọ́ rí.

Èmi tí mò ń kọ èyí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. N kò gbé ọ̀rọ̀ náà dìde láti dá ẹnikẹ́ni láre, pàápàá jù lọ nígbà tí àwọn méjèèjì ti lọ. Lam Adésínà jáde láyé lóṣù kọkànlá ọdún 2012, Buhari náà sì kú sí ìlú London ní ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún 2025. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni ohun tí iṣẹ́ ìròyìn, iṣẹ́ tí èmi náà ń jẹun nídìí rẹ̀, fi gbólóhùn kan ṣe, àti ohun tó gbàgbé sẹ́yìn ní Ṣakí nígbà tó ń gbé gbólóhùn náà káàkiri.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú "àwọn ènìyàn mi" àti "àwọn ènìyàn yín". Tó bá di bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, màlúù a máa wá ewé tútù kiri. Lásìkò yìí gan-an ni ẹ̀gẹ́ ṣì wà lóko, tí àwọn mìíràn sì ti ń fi iṣu sínú ebè. Tí ẹran bá wọ oko, olóko a lọ bá baálẹ̀. Baálẹ̀ a ránṣẹ́ sí Sérìkí Fúlàní. Wọ́n a jọ lọ wo oko náà, wọ́n a ka ebè tó bàjẹ́, wọ́n a sì dá iye owó. Nígbà mìíràn, owó náà a pé. Nígbà mìíràn, ìdajì ló máa wá, ìyókù a di àwáwí. Níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, baálẹ̀ lè sọ pé, "Sérìkí, àwọn ènìyàn rẹ ti wọ oko àwọn ènìyàn mi o." Sérìkí náà lè fèsì pé àwọn ọmọ baálẹ̀ ló kọ́kọ́ fi àdá ṣá màlúù. Kò sí ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ta lára, nítorí àwọn méjèèjì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, wọ́n mọ oko, wọ́n mọ ẹran, wọ́n sì máa tún pàdé lọ́jà ọjọ́ karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ kan náà, tó bá dé ọ́fíìsì gómìnà, tí kámẹ́rà wà níbẹ̀, ó ti di nǹkan mìíràn. Ẹni tó ti jẹ olórí gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní Ṣakí rò pé òun náà yẹ kí òun wà lára àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibi tó ti dun àwọn ènìyàn wa gan-an nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ó sọ ọ́ báyìí tàbí pé òye rẹ̀ lásán ni wọ́n gbọ́. Mi ò rò pé wọ́n jẹ̀bi bí ó ṣe dùn wọ́n. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe olórí fún gbogbo wa, tó wá wọ ìpínlẹ̀ wa láti ṣàròyé nítorí ẹ̀yà kan, kó yáa mọ̀ pé etí gbogbo ènìyàn ló wà níta.

Àmọ́ kí ni àwa oníròyìn ṣe lẹ́yìn ìgbà náà? A gbé ohun tí àwọn ńláńlá bá ara wọn sọ, a sì fi Ṣakí sílẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé lóṣù kẹwàá ọdún 2000, kò tíì sí fóònù alágbèéká GSM ní Nàìjíríà. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ló tó dé. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oko kan ní Ṣakí gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò, kó gba Ìsẹ́yìn kọjá, kó sùn síbẹ̀, kó wá ẹni tó gbọ́ èdè Fúlàní dáadáa, kó tó padà. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì gómìnà rọrùn jù ú lọ. Wọ́n ti gbé àga kalẹ̀, wọ́n ti gbé maikírófóònù kalẹ̀, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá ọ. Mo mọ ìdẹwò náà. Èmi náà ti wà ní irú ibẹ̀ rí, mo sì ti kọ ìròyìn odidi ìlú kan láìkúrò lórí àga.

Nítorí bẹ́ẹ̀, nǹkan púpọ̀ ni ará Èkó àti ará Abuja kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ màlúù tó ń jẹko káàkiri Òkè-Ògùn kì í ṣe ti Fúlàní tó ń dà wọ́n. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, oníṣòwò, olóyè, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún kan, wọ́n a ra abo màlúù kan tàbí méjì, wọ́n a sì fi í síkàáwọ́ Fúlàní tí wọ́n mọ̀ ní gáà, kó máa bá wọn sìn ín. Ọmọ Yorùbá ni olówó ẹran, Fúlàní ni olùtọ́jú rẹ̀. Tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá jẹ oko, àwọn ènìyàn ta ló jẹ àwọn ènìyàn ta lóko? Kò sí akọ̀ròyìn tó béèrè.

Wọn kò mọ̀ pé àwọn ará Òkè-Ògùn fúnra wọn kì í pe gbogbo Fúlàní ní orúkọ kan. Fúlàní tó ti wà ní gáà láti ìgbà baba baba rẹ̀, tó ń sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ bí ẹni tó mu omi odò ibẹ̀ dàgbà, tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé wàrà wá sọ́jà, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Bororo tó ń kó agbo ẹran ńlá kọjá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò mọ baálẹ̀, tí baálẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kà á sí. Ẹnubodè Benin kò jìnnà sí Ṣakí. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1998 ló fàyè gba kí ẹran kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kìkì kí ó ní ìwé àṣẹ, kó gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹnubodè wa mọ bí wọ́n ṣe ń pa òfin náà mọ́ sí. Ẹ̀jọ́ ńlá tó yẹ kí ìjọba dáhùn wà níbẹ̀. Gbólóhùn "àwọn ènìyàn yín, àwọn ènìyàn mi" bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí gbólóhùn náà ṣe ń rìn láti ìgbà náà tún jẹ́ ohun ìyanu. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, a jí i. Lọ́dún 2015, nígbà tí Buhari ń du ipò ààrẹ, àwọn alátakò rẹ̀ gbé e jáde lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, àwọn ti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sẹ́ ẹ. Buhari jáwé olúborí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún náà. Ọmọ Lam Adésínà fúnra rẹ̀, Dàpọ̀, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá lọ́dún kan náà lábẹ́ àsíá APC, ẹgbẹ́ Buhari. Òṣèlú nìyẹn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 tí wọ́n pa àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Benue, tí wọ́n sin òkú 73 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbólóhùn Ṣakí tún jáde, kódà lẹ́nu àwọn tí kò mọ ibi tí Ṣakí wà. Nígbà tó di ìbò ọdún 2019, Atiku Abubakar, tí òun náà jẹ́ Fúlàní, fi díẹ̀ ṣáájú Buhari ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀yà nìkan ni àwọn ènìyàn wa ń wò kí wọ́n tó dìbò, kó ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ní báyìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà lóko, ẹ mọ apá tó kàn yìí ju èmi lọ. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í tètè dé Ìwéré-Ilé tàbí Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí. Rédíò ló máa ń ka àkọlé rẹ̀ síta láàárọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a tẹ́ àwọn ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó di "ìwé ìròyìn lágbájá sọ pé...", ó di "ìwé ìròyìn tàmẹ̀dò náà ní..." Àkọlé nìkan ni o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní fún ìwé ìròyìn tó pọ̀, owó ìpolówó ọjà agbo àti ti ìpàdé ìsọjí sì wà láàárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò nínú àkọlé bẹ́ẹ̀ kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Ẹni tó ń da ẹran ló túmọ̀ sí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tó ṣe déédéé rẹ̀ ní Yorùbá, darandaran ni. Ṣùgbọ́n kí àkọlé náà tó ti ojú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó ti di "àwọn Fúlàní". Lẹ́yìn náà ni yóò fi ata àti iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Tó bá wá ṣí ìlà fóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́, tí ẹnì kan pè wọlé láti sọ pé kí wọ́n lé gbogbo wọn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a rẹ́rìn-ín, a ní "inú ló ń bí bàbá yẹn", a sì gba ìpè mìíràn. Fúlàní tó ń gbọ́ Yorùbá, tí rédíò kékeré wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó ti ń da ẹran ní ẹ̀yìn Tedé, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìkan ni. Mo kọ ìròyìn kan rí nípa ẹran tó ba oko jẹ́. N kò rí ẹni tó ni ẹran náà, nítorí náà mo kọ "darandaran". Nígbà tí ìròyìn jáde, Fúlàní ti wọ inú àkọlé. Mo béèrè, wọ́n ní ṣé ẹ̀yà mìíràn ló ń da ẹran ni. N kò ní ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. N kò sì níí purọ́, èmi náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara mi láwọn ọjọ́ mìíràn, torí pé ó máa ń jẹ́ kí àkọlé dùn. Ẹ padà wo ìpínrọ̀ kìn-ín-ní ìròyìn yìí, "Fúlàní darandaran" wà níbẹ̀. Níbẹ̀, ó tọ́, nítorí orúkọ ẹ̀yà ni àwọn àlejò fi wá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára débi pé n kì í dúró rò ó mọ́. Tí ọlọ́pàá bá wá mú ọmọ Yorùbá méjì tó jí ènìyàn gbé, "àwọn afurasí méjì" la ó kọ. Òfin ìwà tí àwa akọ̀ròyìn fọwọ́ sí n'Ílọrin lọ́dún 1998 ti sọ pé kí akọ̀ròyìn má ṣe fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ènìyàn bú u. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì. Mo rò pé mo tilẹ̀ gbà máàkì dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2021 ló jẹ́ kí n mọ̀ pé eré kọ́. Ìgangan kì í ṣe Òkè-Ògùn, Ìbàràpá ni, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ló wà nílẹ̀ méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń pariwo pé wọ́n ń jí àwọn gbé, pé wọ́n ń pa àwọn, pé wọ́n ń fipá bá àwọn obìnrin lò lóko. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìdí rẹ̀ balẹ̀ pé àròsọ ni. Níbo ni kámẹ́rà wà nígbà náà? Ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021 ni Sunday Adéyẹmọ, ọmọ Ìgbòho tiwa ní Òkè-Ògùn, tí wọ́n ń pè ní Sunday Ìgbòho, dé Ìgangan, tó fún àwọn Fúlàní ibẹ̀ ní ọjọ́ méje kí wọ́n kúrò. Ìgbà yẹn ni gbogbo rédíò àti tẹlifíṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà Ìgangan. Ní ọjọ́ 22, ó padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dáná sun ilé Sérìkí Fúlàní ibẹ̀, Alhaji Salihu Abdulkadir, àti àwọn ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pín etí ní méjì. Orí BBC Hausa ni agbẹnusọ ààrẹ, Garba Shehu, ti sọ pé ọ̀gá ọlọ́pàá ti pàṣẹ pé kí wọ́n mú Sunday Ìgbòho. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, wà níbẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n ará Kano gbọ́ tirẹ̀ lédè Hausa, ará Ṣakí gbọ́ tirẹ̀ lédè Yorùbá, oníkálukú sì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó fọkàn tán. Lọ́sẹ̀ kan náà, Gómìnà Rotimi Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, olóògbé báyìí, pàṣẹ pé kí àwọn darandaran tó wà nínú igbó ọba jáde láàárín ọjọ́ méje. Igbó ọba ni ó wí, darandaran ni ó wí. Ó sì fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀pọ̀ alálàyé lórí rédíò ti sọ ọ́ di "Akérédolú lé Fúlàní kúrò l'Óǹdó". Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ yìn ín fún ohun tí kò sọ, àwọn tó kórìíra rẹ̀ bú u fún un, ìjọba rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kiri.

Lálẹ́ ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgangan. Ó kéré tán, ènìyàn 11 ló kú. Wọ́n sun ààfin Aṣígangan. Èmi ò ní sọ pé rédíò ló fa èyí, torí ẹni tó gbé ìbọn ló jẹ̀bi ìbọn. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹfà yẹn, tí àwa oníròyìn fi ń tẹ̀lé Sunday Ìgbòho láti ibì kan dé ibì kan, ta ló padà sí Ìgangan láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìlú náà lóru?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kan wọlé, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Don Imus. Ètò òwúrọ̀ rẹ̀ lórí rédíò lókìkí débi pé àwọn sẹ́nétọ̀ máa ń wá bá a sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, ọdún 2007, ó fi ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọ̀ àti irun orí bú àwọn ọmọbìnrin Yunifásítì Rutgers tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Tẹlifíṣàn gbé ọ̀rọ̀ náà sókè sódò débi pé àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bínú sí i pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù náà, ilé iṣẹ́ CBS lé e dànù. Kí ọdún náà tó parí, ó ti rí rédíò mìíràn wọ̀. Lílé tí wọ́n lé e kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 10, oṣù náà, àwọn ọmọbìnrin yẹn fúnra wọn àti kóòṣì wọn jókòó síwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé, wọ́n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wọn. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n kúrò ní ohun tí Imus pè wọ́n, wọ́n di ènìyàn tó ní orúkọ.

Àgbẹ̀ Ṣakí kò jókòó síwájú kámẹ́rà kankan lọ́dún 2000. Fúlàní tí Buhari ń tìtorí rẹ̀ bínú kò jókòó síbẹ̀ náà. Àwọn tó ṣojú wọn ló sọ̀rọ̀, gbogbo wọn wọ agbádá, gbogbo wọn sì padà sí ìlú tí màlúù kankan kì í ti í wọ oko wọn.

Ìjọba náà gbìyànjú tirẹ̀. Lọ́dún 2020, àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sí mílíọ̀nù márùn-ún. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi gba mílíọ̀nù márùn-ún lọ́wọ́ Nigeria Info l'Ékòó, nítorí ohun tí olóògbé Obadiah Mailafia sọ lórí ètò wọn nípa Boko Haram. Kí ni àwọn rédíò rí kọ́? Ìbẹ̀rù ni. Ọ̀gá rédíò tó bá ń bẹ̀rù owó ìtanràn kò ní torí rẹ̀ rán akọ̀ròyìn lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Ṣe ló máa ní kí wọ́n gbé orin sí i. Nígbà tó di ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 2021, oṣù kan lẹ́yìn ti Ìgangan, àjọ kan náà kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn pé kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn alálàyé wọn kí wọ́n má ṣe da ìlú rú. Títí ibẹ̀ ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé náà tún sọ pé kí wọ́n yé sọ kúlẹ̀kúlẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ààbò àti nípa àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Èmi ò lè fara mọ́ ìyẹn láé. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ni orúkọ, kúlẹ̀kúlẹ̀ ni oko, kúlẹ̀kúlẹ̀ ni iye ebè àti ẹni tó ni ẹran. Tí wọ́n bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú ìròyìn, kí ló kù tí olùgbọ́ máa gbọ́ bí kò ṣe orúkọ ẹ̀yà?

Àwọn kan a máa fi Rwanda dẹ́rù bà wá tí ọ̀rọ̀ báyìí bá ti ṣẹlẹ̀. N kì í fẹ́ràn àfiwé náà, nítorí Òkè-Ògùn kò rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ẹjọ́ tí kóòtù àgbáyé dá ní Arusha lóṣù kejìlá ọdún 2003, níbi tí wọ́n ti dá ẹ̀bi fún àwọn méjì tó ní ọwọ́ nínú rédíò RTLM àti olóòtú ìwé ìròyìn kan, yóò rí i pé aáyán ni wọ́n ń pe àwọn Tutsi lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ń pè ní aáyán lójoojúmọ́, ta ló tún fẹ́ béèrè orúkọ rẹ̀?

Mo wá ìwé ìròyìn àtijọ́ kiri kí n tó kọ èyí. Mo rí orúkọ Buhari, mo rí orúkọ Lam Adésínà, mo rí orúkọ àwọn tó bá wọn jókòó, títí dé ipò tí oníkálukú wà nínú iṣẹ́ ọba. Mo rí òkú 68 nínú àròyé àlejò, mo sì rí àtakò tí àwọn agbófinró ṣe sí i. N kò rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó kú ní Ṣakí lọ́dún náà, ì báà ṣe àgbẹ̀, ì báà ṣe Fúlàní. Tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ṣakí, ní Àgọ́-Àmọ̀dù tàbí ní gáà èyíkéyìí bá mọ̀ wọ́n, tí ẹbí wọn kò sì kọ̀ ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí, kí ẹ sọ oko tàbí gáà tí wọ́n ti wá àti iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.